Igi Ìgbálẹ̀ Méjì Nínú Ọkọ̀ Kan

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọkọ̀ náà ṣe rí, nítorí ẹni tí kò bá mọ ọkọ̀ náà kò ní mọ ohun tó fẹ́ da àárín èmi àti èkejì mi rú. Ọkọ̀ fáíbà ni, funfun, ó ń gba èrò méjìdínlógún. Olówó kan ní Erékùṣù ló ń fi ṣe fàájì kó tó tà á fún wa, ìdí nìyẹn tó fi ní stíárìn páwà. Àwọn ọkọ̀ yòókù tó wà ní jẹ́tì wa ní Kétu, níbi tí a ti ń kó èrò lọ sí Àgbóyì, ẹ̀yìn ni awakọ̀ wọn ń jókòó sí, ọwọ́ ló sì fi ń ti ẹ́ńjìnnì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Tiwa nìkan ni awakọ̀ ń jókòó síwájú bí ẹni tó wà nínú mọ́tò. Wọ́n a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní àwọn ọlọ́lá ń bọ̀, ẹ yà fún wọn.

Èmi àti èkejì mi la jọ dá a rà. Ará Ìlàjẹ ni, ó kéré sí mi ní ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Orí omi ni wọ́n bí i sí, ó mọ odò bí mo ṣe mọ inú yàrá mi lókùnkùn. Èmi, lọ́rì ni mo wà títí irun mi fi funfun. Ìjẹ̀bú ni mo ti wá sí Kétu, mo mọ ẹ́ńjìnnì, n kò mọ omi. Òun mọ omi, kì í fẹ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. A bára mu. Èmi a wa ọkọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, òun á gbà á lọ́wọ́ mi, á sì wà á títí oòrùn yóò fi fẹ́ wọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án la fi ṣe é bẹ́ẹ̀ láìjà.

Iṣẹ́ kan wà tí n kò jẹ́ kó bá mi ṣe. Láti ìgbà tí wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì aládùúgbò wa kan tú ní jẹ́tì, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń padà wá fúnra mi láti fi ṣéènì de tiwa. Ṣéènì náà kò gùn tó, kò lè yí ẹ́ńjìnnì po. Ibi kan ṣoṣo ló gbà á. Mo máa ń yí stíárìn sọ́tùn-ún títí yóò fi dúró, kí irin gbọọrọ kan tó ń dán bíi dígí lè yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn irin yẹn ni mo máa ń gba ṣéènì kọjá, màá wé e mọ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, màá fi àgádágodo tì í. Kọ́kọ́rọ́ á wà ní ìbàdí mi. Èkejì mi béèrè nígbà kan pé níbo ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà, nítorí wọ́n kì í ta àgádágodo pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan. Mo ní ó ti sọnù. Kò sọnù. Ó wà nínú agolo mílíìkì kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Báyìí ni ọ̀ràn ṣe bẹ̀rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ̀ lọ́dún yẹn nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé stíárìn ti ń rọ̀ lọ́wọ́ mi láàárọ̀. Stíárìn páwà kò ní awo nínú. Ọ́ìlì ló wà níbẹ̀. Béèyàn bá yí stíárìn, ọ́ìlì á gba inú okùn rọ́bà lọ sẹ́yìn, á ti irin dídán tí mo wí yẹn, irin náà á sì ti ẹ́ńjìnnì sápá ọ̀tún tàbí òsì. Bí ọ́ìlì bá dín, afẹ́fẹ́ á rọ́pò rẹ̀, awakọ̀ á kàn máa yí stíárìn lásán, ọkọ̀ á sì máa lọ síbi tó bá wù ú. Lórí ilẹ̀, èèyàn lè tẹ búréèkì. Omi kò ní búréèkì.

Mo ṣí ìdérí tó wà lórí stíárìn, ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀. Mo bu òmíràn sí i. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ti lọ sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ nu ilẹ̀ ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, mo fi ìka tẹ̀ lé okùn rọ́bà láti orí dé ìdí, gbogbo rẹ̀ gbẹ táútáú. Ọ́ìlì tó bá ń jò nínú lọ́rì, ibi tí lọ́rì bá sùn ló máa ń dúdú. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi mọ èyí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, n kò rí ẹ̀kán kan ṣoṣo. Ni mo bá sọ fún ara mi pé ọ́ìlì yìí kò jò. Èèyàn ló ń bù ú.

Èèyàn méjì ló ń fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Èmi ni ọ̀kan.

Mo ti gbọ́ nǹkan kan ṣáájú ìgbà yẹn tí mo ti gbé sínú. Ọkùnrin kan wà ní ìhà Ògùdù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ tuntun, wọ́n ní ó ti wá rí èkejì mi ní jẹ́tì lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì mi kò sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò nínú àjọṣe láìjẹ̀bi, ṣé kì í wù ú kí ohun tí wọ́n jọ ní bàjẹ́ fúnra rẹ̀? Láti ọjọ́ tí mo ti ro èyí ni ojú mi ti là sí ohun tí n kò kà sí tẹ́lẹ̀. Bí mo bá dé sítòsí, á fa síìpù báàgì rẹ̀. Mo rí ọrùn ìgò kan tó yọrí nínú báàgì yẹn. Aṣọ ìnuwọ́ rẹ̀ ń rùn ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ òun kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Kódà ìkíni rẹ̀ ti kúrú. Tẹ́lẹ̀, á béèrè ilé, á béèrè ọmọ, á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Ó wá kù sí, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́," ó tán.

Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní báwo ni ọ́ìlì náà ti pọ̀ tó. Mo fi ìka wọ̀n ọ́n hàn án.

"Daddy, kò mà kún ife tíì. Kí ló ń fi í ṣe? Ó ń dín àkàrà?"

Mo ní kò jí i láti lò ó, ó fẹ́ ba ọkọ̀ jẹ́ ni. Ó ní ọkọ̀ tí òun náà ń wọ̀ lọ́sàn-án? Ṣé ó fẹ́ rì ni? Mo ní kò mọ àwọn ará Ìlàjẹ, wọn kì í rì. Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo yọ igi kan nínú ìgbálẹ̀ rẹ̀, mo gé e kúrú. Mo ń kì í bọ ihò ọ́ìlì láràárọ̀ bí ẹni tó ń wọn epo nínú kẹ́ẹ̀gì. Ibi tí ọ́ìlì yẹ kó dé, mo fi bíléèdì gé àmì sí i. Ẹ̀yìn stíárìn ni mo fi igi náà pamọ́ sí. Lójoojúmọ́ ni ọ́ìlì ń dé ìsàlẹ̀ àmì, lójoojúmọ́ ni mo sì ń bu òmíràn sí i láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí bí mo bá sọ, èkejì mi á mọ̀ pé mo ń ṣọ́ òun. Ó yẹ kí n sọ ohun kan síbí o. Àárọ̀ nìkan ni mo ń wọ̀n ọ́n. N kò wọ̀n ọ́n rí lọ́sàn-án kí n tó gbé ọkọ̀ fún un. Kí ni mo fẹ́ wọ̀n? Ọwọ́ èmi ni ọkọ̀ ti wà láti àárọ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀ràn náà kúrò ní ti igi ìgbálẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kó èrò kún ọkọ̀ láti Àgbóyì. Ọkọ̀ oníyanrìn kan ń bọ̀ níwájú, ó ti wúwo débi pé omi fẹ́ẹ̀ bá etí rẹ̀ dọ́gba. Mo yí stíárìn sósì kí n lè yà fún un. Ó yí. Mo tún yí i, ó tún yí, ọkọ̀ kò yà. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Omi ṣì ń gbé wa lọ bá wọn. Àwọn oníyanrìn ló na ọ̀pá gígùn, tí wọ́n fi tì wá sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń ṣépè fún ìyá àti bàbá mi tó ti kú. Nígbà tí ọkọ̀ dúró, ìyá kan tó gbé ọmọ sẹ́yìn, tí mo ti ń gbé láti ìgbà tó wà ní wúńdíá, wò mí.

"Bàbá, bí ojú yín bá ti ń ṣú, ẹ gbé e fún ẹni tó ń ríran."

 Nígbà tí mo bu ọ́ìlì sí i, tí mo rọra gbé wọn dé èbúté, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní láti ọ̀la lọ, òun á máa dúró de bàbá ti ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ti ìyá mi tí wọ́n ṣépè fún. Mo ní ohun tí èkejì mi fẹ́ gan-an nìyí. Ó fẹ́ kí wọ́n rí mi bí arúgbó.

Mo dá ọkọ̀ dúró. N kò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí a ó fi mọ òótọ́, bó bá sì jẹ́ bí mo ṣe rò ó ni, a ó ta ọkọ̀, oníkálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Owódé Onírin, mo lọ mú mẹkáníìkì kan tó ń tún típà ṣe, nítorí ọ́ìlì náà ló ń gbé ẹ̀yìn típà sókè, irin dídán kan náà ni wọ́n sì ń lò. N kò mú un wá láti tún nǹkan ṣe. Ẹlẹ́rìí ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kó sọ lójú èkejì mi pé ọ́ìlì tí kò jò, ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀. Mo pe èkejì mi lórí fóònù pé kó tètè wá, n kò sọ ìdí rẹ̀.

Kí èkejì mi tó dé, mo ń kó ẹrù kúrò nínú ọkọ̀. Mo gbé pákó ìjókòó tí èkejì mi máa ń jókòó lé. Igi ìgbálẹ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe tèmi. Tèmi pupa díẹ̀, èyí dúdú, àmì méjì sì wà lára rẹ̀, ó ń rùn ọ́ìlì.  Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, ohun tó fi ń wọn èyí tó ń bù jáde nìyí. Mo yọ tèmi lẹ́yìn stíárìn, mo fi méjèèjì sínú àpò àyà mi.

Nígbà tí èkejì mi dé, mẹkáníìkì náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò yára. Ó fi pẹtiróòlù nu gbogbo oríkèé tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, ó jẹ́ kó gbẹ. Ó ya síńgílẹ́ẹ̀tì funfun kan, ó fi wé oríkèé kọ̀ọ̀kan: ìdí stíárìn, orí okùn rọ́bà, ẹnu ibi tí irin dídán ti ń jáde lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó ní kí n jókòó, kí n yí i sósì dópin. Ó wò ó. Aṣọ funfun ṣì funfun. Ó ní kí n yí i sọ́tùn-ún dópin, kí n dá a padà, kí n tún yí i.  Ó wá pè wá sẹ́yìn, èmi àti èkejì mi.

Aṣọ tó wà lápá ọ̀tún ti rin gbingbin.

Ó fi èékánná fa ara irin náà, ó dún kíríkírí. Ó ní kí àwa náà fọwọ́ kàn án. Ibi tó yẹ kó jọ̀lọ̀ bí ẹyin ti rí gbágungbàgun bí ìpẹ́ ẹja. Ó ṣàlàyé fún wa pé rọ́bà róbótó kan, tí wọ́n ń pè ní síìlì, ló ń di irin yìí mú kí ọ́ìlì má bàa bá a jáde. Irin tí nǹkan bá ti ha, bí ayùn ló máa ń ṣe fún síìlì. Bí irin bá ti yọ síta lápá ọ̀tún, ọ́ìlì á bá a yọ, á kán sínú odò. Ìdí nìyẹn tí inú ọkọ̀ fi gbẹ. Ilẹ̀ a máa dúdú bí ọ́ìlì bá kán sí i, odò kì í tọ́jú àmì. Ojúoró bò ó, omi sì gbé e lọ.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ wo irin náà. "Apá kan ṣoṣo ni nǹkan ti ha á. Kí lẹ máa ń so mọ́ ibí, Bàbá?"

 Èkejì mi wo ṣéènì tó ká jọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó dógùn-ún, yanrìn kún ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbójú sí orí omi. Mo rí i pé ó ti mọ̀, mo sì rí i pé kò ní sọ ọ́. Mo lè sọ pé okùn àwọn apẹja ló ha á. Mẹkáníìkì náà ì bá gbà. Mo dúró kí èkejì mi lè sọ ọ́, kí n lè rí ìbínú mi lò. Kò sọ ọ́.

"Ṣéènì ni," mo wí. "Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo ń dè é."

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe máa ń yí i sọ́tùn-ún. Ìgbì á máa mi ọkọ̀ ṣáá, ṣéènì á máa yún irin náà. Mẹkáníìkì náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Bàbá, ẹ fi ṣéènì lé olè, ṣéènì wá di olè mọ́ yín lọ́wọ́."

N kò rẹ́rìn-ín. Mo yọ igi ìgbálẹ̀ méjèèjì jáde, mo na dúdú sí èkejì mi. Mo ní ṣé tirẹ̀ ni. Ó ní tòun ni. Ó wá wo èyí tó kù lọ́wọ́ mi.

"Ta ló ni ìyẹn?"

"Èmi ni."

Ó gba méjèèjì, ó fi wọ́n wéra, àmì tèmi àti àmì òkè tirẹ̀ bára mu. Ó rọra jókòó sétí ọkọ̀. Ó ní ọ̀sán ọ̀sán tóun bá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi lòun ń bá ọ́ìlì ní àmì ìsàlẹ̀. Òun náà ti ra ìgò ọ́ìlì, òun ń bù ú sí i ní ìdákọ́ńkọ́ láìsọ. Ọ̀sán nìkan lòun náà ń wọ̀n ọ́n. Ó ní òun rò pé èmi ni mò ń fà á jáde kóun lè rẹ̀wẹ̀sì, kí n lè fi ọkọ ọmọ mi rọ́pò òun.

"Mo rò pé ẹ̀ ń lé mi ni, Ẹ̀gbọ́n. Mo sì ní n kò ní lọ."

Mo bi í léèrè ọkùnrin Ògùdù. Ó ní ó wá lóòótọ́, òun sì dá a lóhùn pé òun ní ọkọ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ sọ fún mi pé ọ́ìlì ń dín?" 

Àtúnṣe náà gba ọjọ́ méjì. Mẹkáníìkì rẹ sáńpépà wẹ́wẹ́ sínú ọ́ìlì, ó fi ń yí irin náà po, kò fà á sókè sódò, ó ní bó bá fà á bẹ́ẹ̀, á la ọ̀nà tuntun fún ọ́ìlì. Púpọ̀ nínú ibi tí ṣéènì ti ha jọ̀lọ̀ padà, ṣùgbọ́n ibì kan jìn jù. Nígbà tó dijọ́ kejì, ó gbé irin tòkunbọ̀ kan wá láti Owódé, ó fi síìlì tuntun sí ẹnu méjèèjì. Ó tún lu ihò sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi bóòtù de òrùka irin kan mọ́ ọn, ó ní níbẹ̀ ni kí ṣéènì máa gbé.

Ó wá ku afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Ó ní àwa méjì la máa ṣe é. Òun ń bu ọ́ìlì, èmi jókòó ti stíárìn, èkejì mi wà lẹ́yìn pẹ̀lú sípánà, ó ń tú nọ́ọ̀tì kékeré kan díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Mo ń yí i, n kò rí ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́.

"Ó ń hó."

Mo rọra yí i.

"Ó ṣì ń hó. Ẹ má dúró."

Apá ti ń ro mí. Ó pẹ́ kó tó tún sọ̀rọ̀, ó ní ó ti mọ́, òun fẹ́ dè é. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní kí n wá wò ó fúnra mi. Mo ti ń dìde nígbà tí mẹkáníìkì gbọ́wọ́ lé mi léjìká. Ó ní bí mo bá jọ̀wọ́ stíárìn báyìí, afẹ́fẹ́ á padà wọlé, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Mo jókòó padà. "Dè é," mo wí.

Ó dè é. Stíárìn le lọ́wọ́ mi bó ṣe le lọ́jọ́ tí a rà á. A gbé ọkọ̀ dé àárín odò, a yí i sósì, a yí i sọ́tùn-ún, a padà, aṣọ funfun ṣì funfun.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo mú kọ́kọ́rọ́ inú agolo mílíìkì dání wá sí jẹ́tì. Èkejì mi gbà á, ó yí i wò, ó rí i pé kò dógùn-ún.

"Èyí tó sọnù nìyí?"

"Òun ni."

"Ó wá rí ara rẹ̀."

 Mo ní kó máa fi àgádágodo ti ọkọ̀, èmi ń lọ sílé. Mo rìn dé ibi tí àwọn kẹ̀kẹ́ ń gbé, kẹ̀kẹ́ kan dúró fún mi. Mo fọwọ́ kan ìbàdí mi. Mo ní kó máa lọ. Mo padà dé ẹ̀yìn ìsọ̀ oníyanrìn kan tó ti tìlẹ̀kùn, níbi tí mo ti lè rí ọkọ̀ tí ọkọ̀ kò lè rí mi. Èkejì mi ti gba ṣéènì kọjá nínú òrùka tuntun. Ó fa àgádágodo lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka fa irin dídán náà bí mẹkáníìkì ṣe fà á. Lẹ́yìn náà, ó nàró, kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ti padé. Ẹ máa lọ sílé."